Fífi Ara Pamọ́ Kì í Ṣe Irọ́: Ọ̀rọ̀ lórí Ọ̀dà àti Àsíá Ọkọ̀ Oníṣòwò ní Ìgbà Ogun

Ní ìpàdé àwọn olùkọ́ tí a ṣe kọjá ní agbègbè wa, àríyànjiyàn kan dìde tí agogo kò jẹ́ kí a yanjú. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ti ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kọ àròkọ lórí ọgbọ́n tí àwọn ọkọ̀ oníṣòwò fi la òkun já nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní àti Ìkejì. Ọmọkùnrin kan kọ tirẹ̀ dáradára. Ó sọ nípa ọ̀dà aláràbarà tí a fi kun ara ọkọ̀. Ó sọ nípa àsíá Amẹ́ríkà tí ọ̀gá ọkọ̀ Lusitania, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ta sókè ní oṣù kejì ọdún 1915. Ó sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ọgbọ́n kan náà ni méjèèjì, àti pé ọgbọ́n ju agbára lọ. Olùkọ́ rẹ̀ fún un ní máàkì tí ó ga jù lọ. Nígbà tí a ka ìwé náà sí etígbọ̀ọ́ ìpàdé, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àwa kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n bi wá léèrè ohun tí ó dé, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni nígbà tí olùkọ́ kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀ wí pé, "Ẹ̀yin Bàbá Katikíìsì, kò sí ohun tí ẹ kì í sọ di ìwàásù." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, agogo sì lù.

A kò bínú sí ẹ̀rín náà, a kò bá sì ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, a lọ kọ́ kíláàsì kan náà ní Bíbélì, ọmọ kan sì dìde, ó bi wá pé: bí òun bá yá aṣọ ilé-ìwé mìíràn wọ̀ ní ọjọ́ tí òun bá pẹ́, kí ẹni tí ń kọ orúkọ àwọn apẹ́lẹ́yìn lè rò pé àlejò ni òun, ṣé ọgbọ́n ni tàbí irọ́? Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ń wo ẹnu wa. Nígbà náà ni a mọ̀ pé ohun tí a pàtẹ́wọ́ sí ní ìpàdé ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Nítorí ìbéèrè ọmọ yìí ni a ṣe kọ ìwé yìí.

Ohun tí a fẹ́ wí kò pọ̀. Ọ̀dà ogun kì í ṣe irọ́. Àsíá èké irọ́ ni. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ lójú ọmọ, ó ti já okùn tí ọmọ náà ì bá fi di òtítọ́ mú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀dà. Ní oṣù kejì ọdún 1917, Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ abẹ́-omi rì gbogbo ọkọ̀ tí ó bá sún mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láìsí ìkìlọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún náà nìkan, ọkọ̀ tí ìwọ̀n wọn ju 800,000 tọ́ọ̀nù lọ ni ó ṣègbé. Ní àkókò yìí ni Norman Wilkinson, ayàwòrán òkun tí ó wà nínú iṣẹ́ ogun ojú omi, mú ìmọ̀ràn kan wá. Ó ní kò sí ọ̀dà tí ó lè fi ọkọ̀ ńlá tí ń rú èéfín pamọ́ sí iwájú sánmà. Nítorí náà, bí a kò bá lè ṣe é kí ọ̀tá má rí ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣe é kí ohun tí ó rí rú u lójú.

Kí òǹkàwé kíyè sí bí ó ti rí. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ abẹ́-omi kì í rí òkun bí kò ṣe láti inú awò gígùn kan tí ó yọ sókè fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun ìjà rẹ̀ tí ń gba abẹ́ omi lọ kì í yára bí ọta ìbọn. Nítorí náà kò lè ju ú sí ibi tí ọkọ̀ wà, ibi tí ọkọ̀ yóò dé ni ó ní láti jù ú sí. Ó ní láti mọ ibi tí ọkọ̀ kọjú sí, bí ó ti jìnnà tó, àti bí ó ti ń yára tó. Bí ó bá ṣi ọ̀kan mọ̀, ohun ìjà rẹ̀ yóò kọjá lọ lásán. Wilkinson sì fi dúdú, funfun, àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé fa ilà gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ ní ìdàbú àti ní ìbú lára ọkọ̀, títí tí iwájú fi dà bí ẹ̀yìn, tí ọkọ̀ tí ń lọ sí apá ọ̀tún fi dà bí èyí tí ó yà sí òsì. Ní ilé àwọn ayàwòrán ọba ní London ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn obìnrin ayàwòrán a máa kun ọkọ̀ kékeré tí a fi igi gbẹ́, wọn a gbé e ka orí tábìlì tí ń yí, wọn a sì fi awò wò ó bí ọ̀tá yóò ti wò ó. Kí ogun náà tó parí, nǹkan bí 4,000 ọkọ̀ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ni a ti kùn bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ òdodo fún àwọn ọmọ lórí èyí pẹ̀lú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan yẹ iṣẹ́ náà wò ní ọdún 1918, wọn kò rí ẹ̀rí tí ó dájú pé ọkọ̀ tí a kùn bọ́ lọ́wọ́ ikú ju èyí tí a kò kùn lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọkàn àwọn atukọ̀ le sí i nínú ọkọ̀ tí a kùn. Kí olùkọ́ má ṣe sọ ọ̀dà náà di oògùn.

Ǹjẹ́ irọ́ ni bí? Rárá. Kí ni ọ̀dà náà sọ? Kò sọ ohunkóhun. Kò wí pé, "Ọmọ Amẹ́ríkà ni mí." Kò wí pé, "Èmi kò sí nínú ìjà yín." Àwọ̀ àparò dà bí koríko gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọdẹ tí ó ti pe àparò ní onírọ́ rí. Ọdẹ pàápàá a máa fi ewé bo ara, ẹran kò sì lè pè é lẹ́jọ́. Bí ẹnìkan bá wí pé ọ̀dà náà tan ojú jẹ, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tí ó ń wá ibi tí yóò ju ikú sí ni ó tàn jẹ. Ọkọ̀ oníṣòwò kò jẹ ẹni tí ó fẹ́ pa á ní gbèsè pé kí ó dúró dáradára kí ó lè rí i ta. Ìtànjẹ ojú nìyẹn; ìjẹ́rìí èké kọ́. Nígbà tí Jóṣúà fẹ́ gba ìlú Áì, ó fi àwọn ènìyàn pamọ́ sí ẹ̀yìn ìlú náà. Ìba ni a ń pe èyí, kò sì sí ẹni tí ó ka ẹ̀sùn irọ́ sí Jóṣúà lọ́rùn nítorí rẹ̀.

Bákan náà ni ó rí nínú ogun ti ọdún 1939 sí 1945. Ọ̀dà àwọ̀ eérú ni wọ́n fi kun ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ oníṣòwò. Wọ́n fi bo àmì ẹgbẹ́ tí ó ni ọkọ̀ lára ihò èéfín rẹ̀, wọ́n sì ń pa iná ní alẹ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1939 ni àwọn ọkọ̀ ti ń péjọ sí Freetown ní Sierra Leone, kí wọ́n tó di ọ̀wọ́ kan tí àwọn ọkọ̀ ogun ń ṣọ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọkọ̀ tí ń bọ̀ láti Èkó wà lára wọn, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa sì wà nínú àwọn tí ń fi ṣọ́bìrì da èédú sí iná nínú ikùn ọkọ̀. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi pé wọ́n pa iná?

Ṣùgbọ́n àsíá yàtọ̀. Àsíá kì í ṣe aṣọ lásán, ọ̀rọ̀ ni. Kò sí ohun mìíràn tí a fi dá a sílẹ̀ ju pé kí ó sọ ẹni tí a jẹ́ fún ẹni tí kò lè gbọ́ ohùn wa. Àwa Yorùbá mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ìwé tó dé. Àwọn baba wa fi owó ẹyọ, ìyẹ́ àti okùn di àrokò, ẹni tí ó gbà á sì mọ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. Bí wọ́n ti ń fá orí ilàrí Aláàfin ni a fi ń mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó bá sì rí i, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọba ni ó ń bọ̀. Ẹni tí ó bá fá orí rẹ̀ bí ti ilàrí láti fi kọjá ní ẹnubodè, kì í ṣe ara rẹ̀ ni ó fi pamọ́. Ó ji ẹnu ọba, ó sì fi purọ́. Láti ọjọ́ náà, ilàrí tòótọ́ pàápàá kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí òkun nìyí gẹ́lẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1915, àwọn aláṣẹ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ sí àwọn ọkọ̀ oníṣòwò wọn pé kí wọ́n ta àsíá orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ogun. Ní ọjọ́ 4, oṣù kejì, Jámánì kéde pé gbogbo omi tí ó yí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká ti di ojú ogun, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ àsíá yìí ṣe àwáwí: wọ́n ní nítorí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi àsíá ẹlòmíràn bo ara, kò ní ṣeé ṣe láti dá ọkọ̀ àwọn tí kò jà sí nígbà gbogbo. Ọjọ́ mélòó kan kò kọjá tí Lusitania wọ Liverpool pẹ̀lú àsíá Amẹ́ríkà.

Àwọn tí ó gbèjà ìwà náà ní ìdí mẹ́ta, a ó sì dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, wọ́n ní òfin gbà á. Òótọ́ ni. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1894 lórí ọkọ̀ oníṣòwò fi ìyà sí orí ọkọ̀ àjèjì tí ó bá fi àsíá Gẹ̀ẹ́sì bo ara, ṣùgbọ́n ó yọ ẹni tí ó ṣe é láti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá sílẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì wí pé ohun tí àwọn fi jì àwọn ẹlòmíràn, kí àwọn ẹlòmíràn náà fi ji àwọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà wo ni ohun tí òfin kò bá wí lẹ́jọ́ ti di ohun tí a ń kọ́ ọmọ? Òfin ìlú kì í fi ẹni tí ó ba àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀yin olùkọ́, ṣé ẹ ó fún un ní máàkì nítorí èyí?

Èkejì, wọ́n ní obìnrin àti ọmọdé wà nínú ọkọ̀, àti pé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í bèèrè ẹni tí ó ni garawa. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọ̀gá ọkọ̀ náà ní ẹ̀mí àwọn ènìyàn lọ́wọ́. A kò rò pé ènìyàn búburú ni. Bí àwa bá wà ní ipò rẹ̀, bóyá ẹ̀rù ì bá mú àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a jì ènìyàn nítorí ẹ̀rù yàtọ̀ sí kí a yìn ín nítorí ọgbọ́n. Ẹ sì wo ẹni tí ó san owó ààbò náà. Kì í ṣe garawa ni ó yá. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní ọkọ̀ lórí omi kan náà, àsíá tiwọn nìkan ni wọ́n ní, òun ni apata wọn. Gbogbo ìgbà tí ẹlòmíràn bá ta á sókè ni apata náà ń tinrín sí i. Ìjọba Amẹ́ríkà rí i kíá. Ní oṣù kejì kan náà wọ́n kọ̀wé sí London pé ìwà yìí yóò fi ẹ̀mí àti ọkọ̀ àwọn ènìyàn wọn sínú ewu. Ní ọjọ́ 1, oṣù karùn-ún, ọkọ̀ epo Gulflight, ọmọ Amẹ́ríkà tòótọ́ tí ń fi àsíá ara rẹ̀ hàn, jẹ ohun ìjà ọkọ̀ abẹ́-omi Jámánì, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n eérú yìí kò tọ ẹni tí ó dà á nìkan, ó fẹ́ sí ojú aládùúgbò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò wí pé àsíá èké ni ó pa àwọn 1,198 tí ó bá Lusitania lọ ní ọjọ́ 7, oṣù karùn-ún, ọdún 1915. Ọwọ́ ẹni tí ó ju ohun ìjà náà ni ẹ̀jẹ̀ wọn wà. Nígbà tí Falaba, ọkọ̀ tí ń bọ̀ wá sí apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa, rì ní oṣù kẹta ọdún kan náà pẹ̀lú ènìyàn 104, kò sí àwáwí tí ó lè fọ ọwọ́ ẹni tí ó rì í. Ohun tí a wí ni pé ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìkà ń wá àwáwí, àsíá èké sì gbé àwáwí náà lé e lọ́wọ́.

Ó sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ, ọdún 1915, ọkọ̀ abẹ́-omi Jámánì kan dá ọkọ̀ oníṣòwò Nicosian dúró. Àwọn atukọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré. Ọkọ̀ mìíràn yọ, ó dà bí ọkọ̀ akẹ́rù lásán, àsíá Amẹ́ríkà ni ó ta. Baralong ni, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó bo ìbọn mọ́lẹ̀. Ó sọ àsíá Amẹ́ríkà kalẹ̀, ó ta tirẹ̀ sókè, ó sì yìnbọn. Nígbà tí ọkọ̀ abẹ́-omi náà rì, wọ́n yìnbọn pa àwọn ará Jámánì tí ó ti di aláìlera nínú omi. Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́-omi tí ó bá tilẹ̀ fẹ́ ṣàánú, tí ó fẹ́ jáde sókè kí ó kìlọ̀ fún ọkọ̀ kí ó tó rì í, báwo ni yóò ti mọ̀ pé kì í ṣe ikú ara rẹ̀ ni òun ń lọ kí? Irọ́ kan pa ènìyàn, ó sì tún pa àánú.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ọ̀tá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ṣe é. Ní ogun kejì, Atlantis, ọkọ̀ ogun Jámánì tí ó para dà bí oníṣòwò, ń pààrọ̀ ọ̀dà, orúkọ àti àsíá bí ẹni ń pààrọ̀ fìlà: lónìí ará Japan, lọ́la ará Norway, lọ́tùn-ún-la ará Holland. Kormoran, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi orúkọ àti àsíá Holland tan Sydney, ọkọ̀ ogun Australia, súnmọ́ tòsí ní ọjọ́ 19, oṣù kọkànlá, ọdún 1941. Gbogbo ènìyàn 645 tí ó wà nínú Sydney ni ó kú. Ẹnìkan kò yè. Ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún Lusitania, ṣé ẹ ó pàtẹ́wọ́ fún Kormoran? Bí ẹ kò bá lè ṣe é, kì í ṣe ọgbọ́n ni ẹ ń yìn. Ẹgbẹ́ tí ẹ wà ni ẹ ń yìn. Ìwọ̀n méjì nìyẹn, Ọlọ́run sì kórìíra rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti Zamzam, nítorí ó kan ìdílé Ìjọ. Àsíá Íjíbítì ni ó ń ta. Ènìyàn tí ó ju 200 lọ ni ó wọ̀ ọ́ láti Amẹ́ríkà ní ọdún 1941, ju 100 lọ nínú wọn jẹ́ míṣọ́nárì àti àwọn ọmọ wọn, ọ̀pọ̀ sì ń bọ̀ wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀, ìrísí rẹ̀ sì fi bẹ́ẹ̀ hàn; ó ń rìn nínú òkùnkùn láìtan iná sí àsíá rẹ̀. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ 17, oṣù kẹrin, Atlantis rí i, ó kà á sí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yìnbọn lù ú. Ọlọ́run ṣàánú, a kó gbogbo wọn yọ nínú omi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbọgbẹ́ kú lẹ́yìn náà. Ẹ wo ibi tí ayé dé: oníṣẹ́ ìhìn rere ń rìn nínú òkùnkùn bí olè, ẹni tí ó fi àsíá èké rìn sì ni ó ń dá a lẹ́jọ́ nípa ìrísí!

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò mú Ráhábù wá. Wọ́n ti mú un wá ní ìpàdé náà. Wọ́n ní ó purọ́ fún àwọn oníṣẹ́ ọba Jẹ́ríkò, Ìwé Mímọ́ sì yìn ín. Ẹ̀yin ará, ẹ kà á títí dé òpin. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni a yìn. Kí ni ó sì gba òun àti ilé baba rẹ̀ là ní ọjọ́ tí odi wó? Okùn òdòdó kan ni, tí a so mọ́ fèrèsé. Kí ni okùn náà bí kò ṣe àsíá? Àwọn amí ti búra fún un lórí rẹ̀. Ẹ wá rò ó wò: bí àwọn aládùúgbò Ráhábù bá gbọ́ àṣírí náà, tí olúkúlùkù ilé ní Jẹ́ríkò so okùn òdòdó mọ́ fèrèsé rẹ̀, kí ni àwọn ọmọ ogun Ísráẹ́lì ì bá ṣe? Wọn ì bá pa gbogbo ilé run, wọn ì bá pa ti Ráhábù mọ́ ọn. Olúkúlùkù ì bá ti lo ọgbọ́n, ọgbọ́n wọn ì bá sì pa ẹni kan ṣoṣo tí ó ní ẹ̀tọ́ sí okùn náà. Àwa kò mọ ọ̀nà tí ó rọrùn ju èyí lọ láti fi yé ọmọ ohun tí àsíá èké jẹ́.

Nígbà náà ni wọn yóò wí pé, "Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò gba ọkọ̀ là." Àwọn ọkọ̀ Ireland kọ orúkọ ilẹ̀ wọn gàdàgbà gàdàgbà sí ara, wọ́n kun àsíá wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń tan iná sí i ní òru, síbẹ̀ Irish Pine bá omi lọ pẹ̀lú gbogbo ènìyàn 33 inú rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1942. A kò jiyàn. Òtítọ́ kì í ṣe òǹdè tí a so mọ́ ọrùn kí ikú má bàa súnmọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù rẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù kejìlá, ọdún 1943, ọkọ̀ kékeré Kerlogue, ọmọ Ireland tí atukọ̀ rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ, ń lọ sí ilé. Ọkọ̀ òfuurufú Jámánì kan rí àmì ara rẹ̀, kò yìnbọn. Ó fi àmì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá gba àwọn ènìyàn tí ń kú lọ là. Àwọn ọkọ̀ ogun Jámánì ti rì ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni Kerlogue ń fa ènìyàn yọ nínú omi títù náà. 168 ni ó kó. Ọkọ̀ òfuurufú àwọn ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sì ti yìnbọn lu ọkọ̀ kan náà ní oṣù méjì ṣáájú! Ó ní ìdí láti sá fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹni tí ó wí pé òun jẹ́ ni ó jẹ́, a lè ké pè é, ó sì lè dáhùn. Ta ni yóò ké pe ọkọ̀ tí àsíá rẹ̀ kò dájú?

Bí a bá sì bèèrè ohun tí ó gba àwọn ọkọ̀ oníṣòwò là ní òtítọ́, àsíá èké kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà aláràbarà nìkan kọ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 1917 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkọ̀ jọ ní ọ̀wọ́ pẹ̀lú ọkọ̀ ogun tí ń ṣọ́ wọn, àdánù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, ọdún 1942, Abosso, ọkọ̀ tí àwọn ará etíkun wa mọ̀ dáradára, ń dá lọ láìsí olùṣọ́ nígbà tí ọkọ̀ abẹ́-omi rì í. Ènìyàn 362 kú. Ẹ sì kíyè sí ohun tí ó so ọ̀wọ́ ọkọ̀ pọ̀. Wọn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò kí ọ̀tá má bàa gbọ́. Àsíá ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán: ọ̀gá àwọn ọkọ̀ oníṣòwò a ta àsíá sókè, ìyókù a ta tiwọn láti fi hàn pé wọ́n gbọ́, gbogbo wọn a sì yà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ta èyí tí kì í ṣe òtítọ́, ọkọ̀ méjì yóò kọlu ara wọn. Ará ọkọ̀ tí ó mọ èyí kò nílò katikíìsì láti sọ fún un pé àsíá kì í ṣe ohun eré.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ni ó dùn wá jù. Ọgbọ́n tí a pàtẹ́wọ́ sí yìí, àwọn baba wa ti jẹ nínú èso rẹ̀ kí ogun méjèèjì tó dé. Lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti di èèwọ̀, tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ etíkun wa, àwọn olówò ẹrú tí ń lọ sí Cuba àti Brazil a máa ta àsíá tí kì í ṣe tiwọn. Ti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn, nítorí pé títí di ọdún 1862 ni Amẹ́ríkà kò gbà kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yẹ ọkọ̀ òun wò. Àwọn olùṣọ́ a dé tòsí, wọn a rí aṣọ náà, wọn a sì yà. Lábẹ́ aṣọ náà, nínú ikùn ọkọ̀, ọmọ Yorùbá wà nínú ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Myrmidon gba ọmọkùnrin kan láti Òṣogùn là lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, a sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní Freetown. Òun ni Àjàyí Crowther, tí ó fún wa ní Bíbélì ní èdè wa. Ọmọ mélòó bí i tirẹ̀ ni ó kọjá lọ sí oko ìrèké nítorí pé aṣọ orí òpó purọ́? Kí àwa, ọmọ àwọn tí a fi àsíá èké kó lọ, wá máa fún àsíá èké ní máàkì tí ó ga jù lọ? Kí a má rí i.

Ayé pàápàá ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí díẹ̀díẹ̀. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1949 pàṣẹ pé kí gbogbo ara ọkọ̀ ìwòsàn jẹ́ funfun, kí àgbélébùú pupa sì hàn lára rẹ̀ gbangba. Ọ̀dà nìyẹn tí ó ti di ìbúra, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ yá a. Ní ọdún 1977, àdéhùn mìíràn ka lílo àsíá orílẹ̀-èdè tí kò jà sí èèwọ̀ nínú ogun, ṣùgbọ́n ó fi òfin àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà fún ogun ojú òkun. Ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tí yóò tì í lọ́jọ́ kan lè wà nínú àwọn ọmọ tí ó jókòó níwájú wa lórí bẹ́ǹṣì.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ máa bá àwọn ọmọ sọ nípa ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á, kí wọ́n sì kùn ún. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó lárinrin ni. Ẹ kọ́ wọn pé ẹni tí a ń lépa lè sá, ó lè fara pamọ́, ó lè pa iná, ó lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá la ẹnu, ìbáà ṣe ẹnu ara tàbí ẹnu aṣọ, òtítọ́ ni kí ó ti ibẹ̀ jáde. Kí olùkọ́ tí ó fún ọmọ náà ní máàkì má ṣe gbà á padà, nítorí ó kọ̀wé dáradára. Ṣùgbọ́n kí ó pè é, kí ó sì bá a ka ìdajì ìkẹyìn àròkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ti ọmọ tí ó bi wá léèrè ọ̀rọ̀ aṣọ ilé-ìwé, èsì tí a fún un ni èyí: "Bí o bá pẹ́, tí o sì gba ẹ̀yìn ọgbà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ ni o fi sá, ẹgba rẹ kò sì ju ti apẹ́lẹ́yìn lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá wọ aṣọ ilé-ìwé mìíràn, ọmọ ilé-ìwé náà tí ó bá wá kí wa lọ́la ni a ó gbá mú ní ẹnubodè." Ó ronú díẹ̀, ó sì wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, òun kò mà ṣe nǹkan kan." A ní kí ó jókòó. Ó ti dá ẹjọ́ náà.